Kì í Ṣe Ẹ̀bùrú: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Tí Kò Lè Dúró Pẹ́ Lórí Ìlà

Ọ̀rọ̀ tí Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé wa lórí Zoom, ní ìmúrasílẹ̀ fún ìrìn-àjò ìdílé ti oṣù Kẹjọ

   Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wọlé sí Zoom, tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ó kàn yín náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi àtàǹpàkò yí i kọjá.

Bàbá Alága ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò wa sí páàkì. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni iye tíkẹ́ẹ̀tì, aago tí bọ́ọ̀sì máa gbéra, àti ẹni tó máa se jọ̀lọ́ọ̀fù. Gbogbo ìyẹn ti wà lórí gúrúùpù WhatsApp wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìlà. Ìlà tí à ń tò kí a tó gun àwọn ẹ̀rọ ìṣeré yẹn, àti àwọn tí ara wọn kò gbà kí wọ́n tò ó bí àwa yòókù ṣe ń tò ó.

Kí n tó lọ jìnnà, mo tọrọ gáfárà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ bá mi fi ọwọ́ àgbà bò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá

Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀sì wa kún fọ́fọ́ nígbà tí à ń lọ. Nígbà tí ẹ ń padà bọ̀, ìdílé wa kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí a sọ fún yín ni pé a yà kí ẹbí wa kan. Irọ́ ni, ẹ dárí jì wá. Ọsibítù la wà. Màámi àti àbúrò mi ọkùnrin ti fún mi láàyè láti sọ ọ́ lónìí, torí náà ẹ má rò pé àṣírí ilé ni mo ń tú.

SS ni àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, ó kọ́kọ́ gun ẹ̀rọ kan tó máa ń já sínú omi, aṣọ rẹ̀ sì tutù. Lẹ́yìn náà ni gbogbo àwa ọ̀dọ́ ní ká kọjá síbi ẹ̀rọ ńlá, èyí tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ pé ìṣẹ́jú 95 la máa fi dúró. A tò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òjò wẹliwẹli ń ṣẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mu omi, torí tó bá mu omi á fẹ́ tọ̀, tó bá sì jáde lọ tọ̀, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Nígbà tó tó wákàtí kan, ó fìdí lé irin tí wọ́n fi pààlà ìlà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa, tí mo mọ̀ pé kò ní ohun búburú lọ́kàn, fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀dọ́ ìwòyí! Odidi ọkùnrin, kò lè dúró wákàtí kan." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde dúró.

Kí a tó dé ẹnu ẹ̀rọ náà, ìrora ti wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kò gun ẹ̀rọ ńlá yẹn títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù rèé. Lẹ́tà dókítà wà nínú báàgì màámi lọ́jọ́ yẹn. Páàkì náà ní ètò fún irú àbúrò mi, màámi sì mọ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lọ gbà á, wọ́n ní, "Ṣé kí n máa gbé lẹ́tà kiri lójú gbogbo ará ìlú? Kí wọ́n máa fi ọmọ mi ṣe àpèjúwe? Kí wọ́n tún ní a fẹ́ gba ẹ̀bùrú?"

Bàbá tó ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà pè mí nígbà tí wọ́n gbọ́. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" Ìbéèrè yẹn ló gbé mi débí lónìí. Àwa kò sọ, torí ẹ̀ ń bọ̀ wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, torí àwa kò sọ. Ọmọ ló sì jẹ̀yà rẹ̀.

Kí ni ètò náà gan-an?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Equality Act ti ọdún 2010. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ilé oúnjẹ, ì báà jẹ́ páàkì, gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu kí ẹni tó ní ìpèníjà ara má baà fara gbá ju àwọn yòókù lọ. Wọn ò sì gbọdọ̀ di owó àtúnṣe náà lé e lórí. Torí náà, páàkì kò ṣàánú wa. Ojúṣe wọn ni.

Ta ni òfin yìí kà sí? Ẹni tí àìsàn tàbí ìpèníjà, ti ara tàbí ti ọpọlọ, ń dí lọ́wọ́ gan-an nínú ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́, tó sì ti pé ọdún kan tàbí tó jọ pé á pé ọdún kan. Ẹ fetí sí ibi tó kàn yìí dáadáa: bí àìsàn náà bá jẹ́ irú èyí tó máa ń lọ tó tún máa ń padà wá, òfin ṣì kà á. Kò dìgbà tí ọmọ bá ń ké lẹ́nu géètì kí wọ́n tó gbà pé ó ní nǹkan tó ń ṣe é.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa ń pe àìsàn àbúrò mi: fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó dìde lónìí lè tún wó lulẹ̀ lọ́la. Àwa tá a kàwé la gbàgbé, tí a wá ń sọ pé, "Ṣebí ó ń rìn? Ṣebí mo rí i tó ń jó níbi páátì lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ní àwọn páàkì bíi Alton Towers, Thorpe Park, Chessington àti Legoland Windsor, Ride Access Pass lorúkọ ètò yìí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ máa lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí àwọn tó ti gùn ún tán ń gbà jáde ni. Wọ́n á wo iye ìṣẹ́jú tí ìlà gbogboogbò ń gbà lásìkò náà. Ká ní ìṣẹ́jú 60 ni, aago náà ni wọ́n á fún yín. Títí ìṣẹ́jú 60 yẹn á fi pé, ẹ ò lè lo ìwé náà níbi ẹ̀rọ míràn. Ẹ ń dúró bí gbogbo ayé ṣe ń dúró. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ lè fi ìṣẹ́jú yẹn jókòó sórí àga, lábẹ́ òrùlé, kí ẹ mu omi, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ tó tutù, kí ẹ lọ tọ̀ láìbẹ̀rù. Ẹnu ọ̀nà àkànṣe yẹn gan-an náà máa ń ní ìlà kékeré tirẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílùú bíi tèmi, ẹ mọ bí a ṣe ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ ìlú. Màmá àgbà á gbé kẹ́ẹ̀gì wọn sórí ìlà, wọ́n á sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Ta ló ń sọ pé wọ́n gba ẹ̀bùrú? Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ló ń bá wọn tò. Bó bá kàn wọ́n, ọmọ kan á ké sí wọn, "Màmá, ó kàn yín o!" Bí ẹnì kan bá ti kẹ́ẹ̀gì yẹn sẹ́yìn, gbogbo wa la máa dìde sí i.

Ìwé yìí, kẹ́ẹ̀gì màmá àgbà ni. Ẹni tó ń ṣọ́ǹtì kì í dúró rárá. Ẹni tó ní ìwé yìí ń dúró, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló wà lórí ìlà. Bí a bá mọ ìyàtọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Kì í sì í ṣe àwọn SS nìkan ló wà fún. Ọmọ tó ní autism, tí ariwo àti ìfúnpọ̀ èrò máa ń dà lórí rú, lè máà lè dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọ̀nà tóóró yẹn. Bàbá tí oríkèé ń ro, ẹni tí ìfun rẹ̀ kì í jẹ́ kó jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo wọn lè béèrè. Ohun tí páàkì máa wò ni pé: kí ló dé tí títò lórí ìlà fi ṣòro fún ẹni yìí?

Bí a ṣe ń gbà á

Àkọ́kọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn-àjò. Páàkì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, wọ́n sì máa ń yí i padà. Ẹ ka ojú ewé tí páàkì náà fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, kí ẹ má fi ti àhesọ gúrúùpù ṣe. Ọ̀pọ̀ páàkì níbí ló ń lo káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Access Card, èyí tí ilé iṣẹ́ Nimbus ń ṣe. Ẹ ó fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fi àwọn àmì sára káàdì. Àmì kan wà fún ẹni tí kò lè dúró pẹ́ lórí ìlà, òmíràn wà fún ẹni tó nílò alábàárìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí: ohun tí ọmọ nílò ni àmì náà ń sọ. Orúkọ àìsàn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì kò ní ka SS lára ọmọ yín.

Èkejì, ẹ múra ẹ̀rí sílẹ̀. Lẹ́tà ìjọba lórí PIP tàbí DLA wúlò, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà dókítà. Bí ẹ bá ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, kó má kàn dárúkọ àìsàn lásán. Kó sọ ohun tí ìdúró pípẹ́ máa ń fà. Fún àwọn SS, òtútù, àìmu omi tó, àti iṣẹ́ agbára àṣejù wà lára ohun tó lè dá ìrora sílẹ̀. Ìlà ìṣẹ́jú 95 nínú aṣọ tútù lè kó méjì pọ̀ nínú ìyẹn. Kí dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ènìyàn mélòó kan péré ló lè bá ẹni tó ni ìwé wọlé. Gbogbo bọ́ọ̀sì wa kò lè tẹ̀lé ọmọ kan. Kí ìdílé ti sọ ọ́ láàárọ̀, ta ló máa bá a gun èyí, ta ló máa bá a gun ìyẹn, kí ìjà má baà dé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má da okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó sunflower pọ̀ mọ́ ìwé yìí. Pápákọ̀ òfurufú Gatwick ni okùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Ohun tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ ni pé ẹni yìí ní ìpèníjà tí ojú kò rí, ẹ ṣe sùúrù fún un. Ó dára, ẹ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba àyè ìlà fún yín.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé ìlà kọ́ ni ìwé àṣẹ dókítà. Ìwé náà ń sọ ibi tí ẹ ti máa dúró. Kò sọ pé ẹ̀rọ náà dára fún ara yín. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń fi gbedeke sí iye àwọn tó ní ìṣòro ìrìn tí wọ́n lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé bí ẹ̀rọ bá dúró sókè, àtẹ̀gùn ni wọ́n á fi sọ wọ́n kalẹ̀. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà

Mo mọ̀ pé àwọn ará wa ní Houston, ní Maryland àti ní Atlanta máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí Orlando nígbà ìsinmi. Òfin tiyín ni Americans with Disabilities Act ti ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Disney fún yín, torí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo wa.

Káàdì kan wà tẹ́lẹ̀ tí Disney ń fún àwọn tó ní ìpèníjà, Guest Assistance Card. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ á gba ẹnu ọ̀nà míràn wọlé láìdúró pẹ́. Ní ọdún 2013, ìwé ìròyìn kan ní New York gbé e jáde pé àwọn olówó kan ń háyà ẹni tó ní ìpèníjà ara kó máa bá wọn rìn, kí wọ́n lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ń fi ènìyàn bíi tiwọn ṣe kọ́kọ́rọ́! Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Disney pa káàdì náà tì. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Disability Access Service, ló ń fún ènìyàn ní aago tó máa padà wá, gẹ́gẹ́ bí ìlà bá ṣe gùn tó.

Ní ọdún 2024, wọ́n tún fún ọ̀nà náà pọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn tó ní autism tàbí ìpèníjà ìdàgbàsókè tó jọ ọ́ ni ètò náà wà fún. Wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fídíò. Bí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan purọ́ láti gbà á, wọ́n lè lé e kúrò títí láé, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á sì wọmi. Àwọn tí ìpèníjà wọn jẹ́ ti ara, ọ̀nà míràn ni wọ́n máa ń júwe fún wọn, bíi kí ènìyàn jáde kúrò lórí ìlà kó sì padà bá àwọn ẹbí rẹ̀ níbẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ìdílé kò dùn sí ìyípadà yẹn, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Bí ẹ bá ń lọ sí Universal Orlando tàbí Six Flags, IBCCES Accessibility Card ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀, ó kéré tán wákàtí 48 kí ẹ tó dé páàkì.

Ẹ rí ẹ̀kọ́ tí mo sọ? Olówó tó purọ́ ti rí páàkì míràn lọ. Ọmọ tó nílò ètò náà lẹnu ọ̀nà wá há mọ́.

Ọ̀rọ̀ fún àwa tí ara wa le

Mo rí mẹ́sèèjì kan tí wọ́n pín lórí gúrúùpù lọ́dún tó kọjá. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wá ẹni kan tó ní lẹ́tà dókítà, kí a pín ara wa lé wọn lórí, "ká lè ráyè gun púpọ̀." Mi ò ní dárúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Mo kàn fẹ́ bẹ̀ wá: ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tì sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì màmá àgbà, tó ní tiwọn ni gbogbo rẹ̀, màmá àgbà ló ń dá lẹ́jọ́. Nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tiwọn gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ tì dànù.

Ẹ má yá káàdì ara yín. Ẹ má ní orí ń fọ́ yín láti ilé. Bí ẹ bá sì rí ọmọ kan tó ń gba ẹnu ọ̀nà àkànṣe, tí kò gun kẹ̀kẹ́ arọ, tí kò tiro, ẹ má bi í pé, "Kí ló ń ṣe ìwọ?" Ẹni tó bá fẹ́ sọ á sọ. Ẹ kí i, kí ẹ jẹ́ kó lọ.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin òbí

Èyí ló le jù fún mi láti sọ, torí màámi ń gbọ́ mi. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, mo mọ ìdí tí ẹ fi ń bò ó. Ẹ ń ronú ọjọ́ iwájú, ẹni tó máa fẹ́ ọmọ, ohun tí àna máa sọ. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ yín ní aláìsàn. Ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Agbo ilé wo ni kò kàn? Àwa tá a ń bò ó fún ara wa, àwa kan náà la jọ ní in.

Ọmọ tí ẹ bá kọ́ pé kó rẹ́rìn-ín kó sì dìde dúró nígbà tí ara ń ro ó, yóò máa dìde dúró kiri ni. Ní yunifásítì, kò ní sọ. Níbi iṣẹ́, kò ní sọ. Títí ọjọ́ kan tí kò ní lè dìde mọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré: "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dúró pẹ́. Níbo ni mo ti lè jókòó dúró?" Kò sí àbùkù nínú gbólóhùn yẹn.

Ilé ńkọ́?

Àwọn ará ilé á ní, "Ìwọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ páàkì Òyìnbó, kí ló kàn wá?" Ó kàn yín o. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó de fífi ìyà jẹ ẹni tó ní ìpèníjà ara ní Nàìjíríà. Òfin náà mẹ́nu ba ìlà gan-an: ó ní ẹni tó ní ìpèníjà ara ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn, bó bá sì ti lè ṣeé ṣe tó, kí a dá a lóhùn láìjẹ́ pé ó tò. Ilé ìfowópamọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà kò dé. Torí náà, nígbà àjọ̀dún ìlú wa nínú oṣù Kejìlá, níbi tí à ń tò gba oúnjẹ àti aṣọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká to àga sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọ̀dọ́ kan máa bá àwọn tí kò lè dúró mú àyè wọn dání. Kò ní ná wa ju àga mẹ́wàá lọ.

Ohun tí a máa ṣe lọ́dún yìí

Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ ti yan ènìyàn méjì tó máa ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kún fọ́ọ̀mù. Ẹ kàn sí wa ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn ọmọ yín sórí gúrúùpù, àwa náà kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí kí oṣù Kẹfà tó tán, torí yíyẹ ìwé wò máa ń gba àkókò.

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, a máa ní ibì kan pàtó tí a ti ń pàdé, níbi tí àga àti òrùlé wà. Kí olúkúlùkù mú ìgò omi, aṣọ òtútù kan, àti aṣọ gbígbẹ kan fún pípààrọ̀. Kò sí ìdílé tó máa dá jókòó. Bí ẹnì kan bá ń dúró de aago rẹ̀, ọ̀dọ́ méjì á wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á máa ta ayò, wọ́n á máa jẹ puff-puff. Mo ti kọ orúkọ tèmi sí iwájú.

Àbúrò mi ti gba káàdì rẹ̀. A ti bi dókítà rẹ̀, ó ní ó lè gun ẹ̀rọ ńlá yẹn bó bá mu omi tó, tí ara rẹ̀ kò sì tutù. Bàbá tó ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́sí ti ní àwọn ni àwọn máa jókòó tì í. Wọ́n ní àwọn kò ní gun ẹ̀rọ kankan o, ẹ̀rù ń ba àwọn, ṣùgbọ́n àwọn lè bá a mú kẹ́ẹ̀gì dání.

 Ẹ bá mi pín ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú tí kò sí lórí gúrúùpù wa. Ọlọ́run á jẹ́ ká lọ ire, ká bọ̀ ire, gbogbo wa pátá nínú bọ́ọ̀sì kan náà. Ìlú wa á tòrò, ìlú wa á gòkè. Àṣẹ.